Ìjì Kan, Orúkọ Púpọ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìjì Inú Agbami ní Èdè Yorùbá, pẹ̀lú Àyẹ̀wò láti Ilẹ̀ Okun

1. Ìfáàrà

Bí olùkọ́ jọ́gíráfì kan ní Kàbà bá dúró níwájú kíláàsì, tí ó sì fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé irú ìjì tí ó jà ní ìlú Beira ní ilẹ̀ Mòsáḿbíìkì ní oṣù kẹta ọdún 2019, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ sí i lẹ́nu ni *ìjì líle*. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ ìjì líle dáadáa: òun ni ó ń ṣí páànù kúrò lórí ilé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, òun ni ó ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀ lóko, òun náà ni ó sì ń rọlẹ̀ kí ọbẹ̀ orí iná tó jinná. Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ìjì tí ó jà ní Beira kò rọlẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí omi kí ó tó dé ilẹ̀. Omi tí ó kó wá bo oko àti ìletò mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kú ní Mòsáḿbíìkì, Sìmbábúwè àti Màláwì sì lé ní 1,000. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá ń jẹ́ fún nǹkan méjì tí ó jìnnà sí ara wọn tó báyìí, ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà yóò di àṣìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá pọ́ńbélé.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń sọ irú ìjì bẹ́ẹ̀ lórúkọ láti òkun dé òkun, àti ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ kí Yorùbá lò fún un. Èrò tí ó ń gbè lẹ́yìn ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò kì í ṣe orúkọ ohun mẹ́ta. Orúkọ ibi mẹ́ta ni. Nítorí náà, kò yẹ kí Yorùbá yá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ìmọ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan tí ó tọ́ka sí bí ìjì náà ṣe rí àti ibi tí a ti bí i ni ó yẹ. Ilẹ̀ Okun ni a fi ṣe ibi àyẹ̀wò, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó bá yege ní Kàbà, tí ó jìnnà sí etí omi, tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, kò ní ṣàì yege ní ibòmíràn.

2. Ohun tí ó ti wà nínú èdè

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ tú àpò èdè wò. Afẹ́fẹ́ àti atẹ́gùn ni orúkọ gbogbogbòò tí Yorùbá ní. Ẹ̀fúùfù ni afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń ti ìhà aṣálẹ̀ wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ààjà ni afẹ́fẹ́ tí ń pòyì lójú kan, tí ń gbé eruku àti ewé gbígbẹ sókè. Òun ni àwọn àgbà sọ pé ó máa ń gbé ènìyàn lọ sínú igbó, tí ẹni náà yóò sì padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ egbòogi. Ìjì ni èyí tí ó ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá rìn fi ìyàtọ̀ wọn hàn: afẹ́fẹ́ a máa *fẹ́*, ọyẹ́ a máa *fẹ́*, ààjà a máa *gbé*, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ìjì ni kí ó *jà*. Ẹni tí ó bá sọ pé ìjì jà ti sọ pé ọ̀ràn ti di ìkọlù.

Ìjì tí àwọn ará Kàbà mọ̀ jù lọ ni èyí tí ó máa ń ṣáájú òjò, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ìgbà òjò. Ìkùukùu dúdú a kọ́kọ́ tò bí ògiri ní ìhà ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù a sì rọ́ wá lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò ńlá, lẹ́yìn òjò ńlá ni winniwinni. Ohun tí ó fà á kò ṣòro. Òjò tí ń rọ̀ láti inú ìkùukùu ńlá máa ń fa afẹ́fẹ́ tútù wálẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kanlẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kí ó tú ká síwájú, ìdí sì nìyẹn tí ìjì fi ń dé kí òjò tó dé. Ìlà-oòrùn ni irú ìjì yìí máa ń gbà wá, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì ń lọ. Lọ́kọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìlà-oòrùn Kàbà gan-an, ní nǹkan bí kìlómítà 75 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Bí ìjì bẹ́ẹ̀ bá ń rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan, wákàtí kan àbọ̀ ni yóò fi ti Lọ́kọ́jà dé Kàbà kí ó tó kọjá sí ìhà Ìjùmú àti Èkìtì. Nínú iṣẹ́ yìí, *ìjì aṣíwájú-òjò* ni orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí á rántí pé àwọn Òyìnbó alákòóso pàápàá ṣi irú ìjì yìí pè. Nínú àkọsílẹ̀ ìgbà ìjọba amúnisìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, *tònédò* ni wọ́n máa ń kọ fún un, orúkọ tí àwọn atukọ̀ ojú omi ti ń lò tipẹ́tipẹ́ fún ìjì alárá. Lónìí, tònédò ni ìjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń pòyì bí òkòtó láti inú ìkùukùu kanlẹ̀, èyí tí ìbáṣe rẹ̀ sún mọ́ ti ààjà ju ti ìjì aṣíwájú-òjò lọ. Kì í ṣe èdè Yorùbá nìkan, nígbà náà, ni ó ń fi orúkọ kan bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú àpò náà. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì lo *ìjì àjàyíká* nínú Ìwé Jóòbù fún ìjì tí Ọlọ́run ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kedere: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *à-*, ọ̀rọ̀-ìṣe *jà*, àti *yí ká*. Ìjì tí ń jà yí ká ni. Ọ̀rọ̀ yìí yóò wúlò níwájú.

3. Bí ìjì inú agbami ṣe ń ṣiṣẹ́

Irú ìjì tí ó jà ní Beira kì í ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó tó nǹkan bí dígírì 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń bí i. Omi a máa fà gòkè láti ojú òkun láìṣeé fojú rí. Bí ó bá dé òkè tí ó tutù, a tún padà di ìkùukùu àti òjò, a sì tú ooru tí ó gbé lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ooru náà yóò mú kí afẹ́fẹ́ túbọ̀ máa gòkè. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ní ojú òkun yóò dínkù. Afẹ́fẹ́ láti àyíká yóò sì máa rọ́ wá dí àlàfo náà. Nítorí pé ayé ń yí, afẹ́fẹ́ tí ń rọ́ wá yìí kò lè wá tààrà: a tẹ̀ kọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ a sì di ohun tí ń yí po. Ní ìhà àríwá ayé, ó ń yí lòdì sí bí ọwọ́ agogo ṣe ń yí; ní ìhà gúúsù, ó ń bá ọwọ́ agogo lọ.

Ààrin rẹ̀ ni a ń pè ní ojú. Bí ìjì náà bá ti gbó, ojú rẹ̀ a máa dákẹ́. Òjò a dá, ojú ọ̀run lè mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò jáde síta láti wo ohun tí ìjì bàjẹ́, kò sì mọ̀ pé ìdajì ni ó tíì kọjá. Ibi tí ó yí ojú náà ká ni afẹ́fẹ́ ti le jù lọ, nígbà tí ìdajì kejì bá sì dé, òdìkejì ibi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ wá ni yóò ti wá. Ohun tí ó sì máa ń pani jù ní etíkun kì í ṣe afẹ́fẹ́ bí kò ṣe omi: òkun tí ìjì tì síwájú yóò gun orí ilẹ̀.

Ìyàtọ̀ méjèèjì hàn gbangba. Ìjì aṣíwájú-òjò ń rìn bí ìlà. Ìjì ti agbami ń yí bí àyíká. Ti ìṣáájú kì í ju wákàtí mélòó kan. Ti ìkẹyìn lè gba ọ̀sẹ̀. Ìkùukùu òjò àti ilẹ̀ gbígbóná tó láti bí ti ìṣáájú. Ti ìkẹyìn kò lè jẹun lẹ́yìn òkun, bí ó bá ti gúnlẹ̀, agbára rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

4. Ìdí tí kò fi jà ní Nàìjíríà, àti ohun tí ó so ó mọ́ ojú ọ̀run Áfíríkà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́n yóò bi olùkọ́ rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òkun kò sí ní Èkó ni? Èé ṣe tí kò jà níbẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé yíyí ayé tí ń tẹ afẹ́fẹ́ kọ̀rọ̀ kò lágbára tó nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, irú ìjì yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín dígírì 5 sí ìlà náà. Etíkun Nàìjíríà sì wà láàárín dígírì 4 sí 7 ní ìhà àríwá ìlà náà. Yàtọ̀ sí èyí, omi etíkun wa a máa tutù ní àárín ọdún, afẹ́fẹ́ òkè sì ń ti nǹkan lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kì í dá a padà. Kàbà fúnra rẹ̀ kọjá dígírì 7 dáadáa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe omi.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì kan Áfíríkà. Láàárín Sàhárà gbígbóná àti ilẹ̀ tútù ìhà etíkun Gíínì, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń sáré lókè láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ní ìgbà òjò. Bí ó ti ń sáré, a máa gbọ̀n bí okùn tí a fà tí a jù: ìgbọ̀nrìrì yìí ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní *ìgbì afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn*. Ìgbì kan a máa tẹ̀lé òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nǹkan bí 60 ni ó ń kọjá lọ́dún kan. Àríwá ilẹ̀ Okun ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, wọ́n sì ń jáde sí Òkun Àtìláńtíìkì ní ìhà Sẹ̀nẹ̀gàl àti erékùṣù Cape Verde. Púpọ̀ nínú wọn ń tú ká láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìjì Àtìláńtíìkì tí agbára wọn pọ̀ jù lọ, nǹkan bí 85 nínú 100 ni ó ní irú ìgbì yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2015, ọ̀kan tí a pè ní Fred ti di àgbà kí ó tó kúrò nítòsí Áfíríkà, ó sì jà ní Cape Verde, èyí tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1892. Ní oṣù keje ọdún 2024, Beryl, tí òun náà ti inú ìgbì bẹ́ẹ̀ wá, ba erékùṣù Carriacou ní Grenada jẹ́.

5. Bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ

Orúkọ méjì ni ìjì yìí ń jẹ́: orúkọ irú rẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀ gan-an. Kò yẹ kí a da méjèèjì pọ̀.

Ní ti orúkọ irú, *haríkéènì* ni a ń pè é ní Òkun Àtìláńtíìkì àti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì. Inú èdè àwọn Táíno, onílé ní erékùṣù Káríbíà, ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu àwọn Sípéènì. *Táífúùnù* ni ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Pàsífíìkì, ní ìhà Jàpáànù, Ṣáínà àti Fílípíìnì. Ní Òkun Íńdíà àti ìhà Ọsirélíà, *sáíkílóònù* ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí nìkan ni onímọ̀ kan jókòó ṣẹ̀dá: Henry Piddington ní Kàlìkọ́tà ni ó fà á yọ láti inú èdè Gíríìkì ní àwọn ọdún 1840, nítorí pé ó rí i pé afẹ́fẹ́ náà ń ká bí ejò. Òun nìkan ni ó sọ bí ìjì náà ṣe rí.

Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu Yorùbá ń ṣe sí ẹ̀gẹ́. Ibi kan ń pè é ní ẹ̀gẹ́, ibi kan ní pákí, ibi kan ní gbágùúdá, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan kò ní sọ pé irúgbìn mẹ́ta ni òun gbìn. Ní ọdún 1994, ìjì kan tí a pè ní John bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Pàsífíìkì bíi haríkéènì. Ó ré ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà kọjá, ó di táífúùnù. Ó tún padà, ó sì tún di haríkéènì. Kò sí ohun tí ó yí nínú ìjì náà. Ààlà ni ó ré.

Ní ti orúkọ àdáni, àṣà àtijọ́ ní Puerto Rico ni kí wọ́n fi orúkọ ẹni mímọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀ pe ìjì, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń pe ọmọ tí a bí sínú ọdún ní Abíọ́dún. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìjì méjì jà ní ọjọ́ San Felipe, ọ̀kan ní 1876, èkejì ní 1928, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì jẹ́. Láti ọdún 1953 ni Amẹ́ríkà ti ń lo orúkọ obìnrin. Láti 1979 ni orúkọ ọkùnrin ti dara pọ̀ mọ́ ti obìnrin ní Àtìláńtíìkì. Lónìí, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ni ó ń tọ́jú ìwé orúkọ mẹ́fà, orúkọ 21 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lò yíká ní ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Orúkọ náà ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé, bí orúkọ Ìdòwú ṣe ń dúró de ọmọ tí yóò tẹ̀lé ìbejì. Bí afẹ́fẹ́ ìjì bá tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan ni a ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá tó 119 ni ó di haríkéènì. Èyí tí ó bá ṣe ìjàm̀bá púpọ̀, a ó pa orúkọ rẹ̀ tì: lẹ́yìn 2005, Katia ni ó rọ́pò Katrina, lẹ́yìn 2024, Brianna ni ó rọ́pò Beryl.

Ibòmíràn ní àṣà tirẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Pàsífíìkì, láti ọdún 2000, orílẹ̀-èdè àti agbègbè 14 ni ó dá orúkọ 140 jọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ orúkọ òdòdó, ẹranko àti nǹkan bẹ́ẹ̀. Fílípíìnì tún ń fún ìjì kan náà ní orúkọ tirẹ̀: èyí tí ayé mọ̀ sí Haiyan ní 2013, Yolanda ni níbẹ̀, bí ọmọ tí ilé baba àti ilé ìyá ń fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pè. Ní àríwá Òkun Íńdíà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ìwé tuntun ti 2020 ní orílẹ̀-èdè 13 àti orúkọ 169. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù òkun náà, níbi tí Idai ti wá, erékùṣù Réunion ni ó ń ṣọ́ ìjì, ṣùgbọ́n Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì àti Madagásíkà ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìjì tí ó bá ti ìhà Ọsirélíà wá kò ní pààrọ̀ orúkọ: Freddy, tí a sọ lórúkọ níbẹ̀ ní 2023, gbé orúkọ rẹ̀ ré gbogbo òkun náà kọjá dé Mòsáḿbíìkì.

Gúúsù Àtìláńtíìkì ni ó yẹ kí onítumọ̀ Yorùbá ṣọ́ra jù. Ìjì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Catarina ti 2004 ni ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Láti 2011 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Bràsíìlì ti ń lo ìwé orúkọ tí púpọ̀ rẹ̀ wá láti inú èdè Tupi, ti àwọn onílé ibẹ̀. Ní 2019, Iba jà lójú omi Bahia, níbi tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí. Ní 2024, Akará tẹ̀lé e. Iba kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe ìbà. Ọ̀rọ̀ Tupi tí ó túmọ̀ sí ohun búburú ni. Akará kì í ṣe àkàrà. Orúkọ ẹja kan ni. Bí oníròyìn bá fi àmì ohùn Yorùbá sí wọn, ó ti sọ wọ́n di ohun tí wọn kì í ṣe. Orúkọ àdáni ìjì, bí a bá ṣe rí i ni kí a kọ ọ́.

6. Ìdánwò àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní 1970, títí dé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990, ó ti hàn pé ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára gbọ́dọ̀ ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kí ó ṣe ṣókí, kí ó lè bí ọmọ, kí ó sì yé ẹni tí a kò ṣàlàyé fún tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó yẹ ní gbígbé sórí òṣùwọ̀n yìí.

Àkọ́kọ́ ni *sáíkílóònù*. Kò bá ohun mìíràn jà, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ọmọ Kàbà, bẹ́ẹ̀ ni haríkéènì àti táífúùnù yóò tẹ̀lé e wọlé. Èkejì ni *ìjì líle*, tí àléébù rẹ̀ ti hàn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni *ìjì Ọya*. Ó dùn létí, nítorí Ọya ni òrìṣà tí ó ni ẹ̀fúùfù, a sì mọ̀ ọ́n ní Kúbà àti Bràsíìlì, níbi tí Yorùbá ti bá òkun pàdé. Ṣùgbọ́n ní Kàbà, Odò Ọya ni odò ńlá tí ó wà ní ìhà Lọ́kọ́jà, láti ìhà ibẹ̀ sì ni ìjì aṣíwájú-òjò ti ń wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìjì Ọya níbẹ̀ lè rò pé ìjì ti ìhà odò náà ni, èyí tí í ṣe òdìkejì ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹ̀kẹrin ni *ìjì àjàyíká*. Ó sọ bí ìjì náà ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Piddington. Àbùkù rẹ̀ ni pé ààjà àti tònédò náà ń yí ká. Ohun tí ó kù ni kí a fi ibi tí a ti bí i kún un, kí ó di *ìjì àjàyíká òkun*. Èyí ìbá tó, bí kò bá ṣe Kàbà. Okun ni àwọn Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ fi ń kí ara wọn, ìkíni náà ni ó sì di orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wọn. Nínú ìwé ìròyìn àti lórí pátákó ìkọ̀wé, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, *iji ajayika okun* yóò di ìjì tí ń jà yí ilẹ̀ Okun ká. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá kí ọmọ Kàbà má baà rò pé ìjì ìlú òun ni, yóò wá sọ fún un pé ìjì ìlú rẹ̀ ni.

Ẹ̀karùn-ún ni ó mú wàhálà yìí kúrò: *ìjì àjàyíká agbami*, tí a lè gé kúrú sí *ìjì agbami*. Agbami ni ibi jíjìn nínú òkun, tí a kò ti rí ilẹ̀ mọ́. Kò pa ohùn pọ̀ mọ́ orúkọ ìlú tàbí ẹ̀yà kan. Ó ya ìjì yìí kúrò lára ìjì aṣíwájú-òjò, nítorí kò sí agbami láàárín Lọ́kọ́jà àti Kàbà. Ó sì tọ́ka sí oúnjẹ tí ìjì náà ń jẹ. Bí ó bá gúnlẹ̀, orúkọ náà kò yẹ̀, bí ọmọ Kàbà tí ó ń gbé ní Èkó kò ṣe yéé jẹ́ ọmọ Kàbà. Níbi tí a bá ti ní láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìjì òkun ìhà tútù ayé, *ìjì agbami olóoru* yóò ṣe é.

7. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí ó jẹyọ

Ìjì aṣíwájú-òjò: ìjì alárá tí ń rìn bí ìlà, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń dé kí òjò tó dé.
Ìgbì afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn: ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́ òkè tí ń ti ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ sí Àtìláńtíìkì.
Ọmọ ìjì: ìjì agbami tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tíì tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan, tí kò sì tíì ní orúkọ.
Ìjì agbami: orúkọ gbogbogbòò, bí a bá ń to ipele, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàárín 63 sí 118.
Àgbà ìjì agbami: èyí tí ó tó 119 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni haríkéènì tàbí táífúùnù ní ibi tí wọ́n ti ń lo orúkọ wọ̀nyí.
Ojú ìjì: ààrin rẹ̀ tí ó dákẹ́.
Ìpénpéjú ìjì: ibi tí ó yí ojú ká, tí afẹ́fẹ́ ti le jù.
Àkúnya òkun: omi òkun tí ìjì tì gun orí ilẹ̀.
Ìgúnlẹ̀ ìjì: dídé ojú ìjì sí ilẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ ní èbúté.
Orúkọ àpatì: orúkọ tí a kò ní lò mọ́ nítorí ìjàm̀bá tí ẹni tí ó jẹ́ ẹ ṣe.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ẹnì kan lè bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀-ìperí ìjì tí kì í jà ní Nàìjíríà wà fún. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìrìn-àjò àwọn Yorùbá fúnra wọn. Nígbà tí Beryl dé ìpínlẹ̀ Texas ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 2024, iná mànàmáná kú ní ilé àti ilé-iṣẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Houston àti agbègbè rẹ̀, Houston sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Bí ìyá kan ní Kàbà bá pe ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, tí ó bi í pé, “Ṣé ìjì náà ti rọlẹ̀?”, ohun tí ó ní lọ́kàn ni ìjì tí kì í ju wákàtí kan lọ. Bí ọmọ náà bá sì fèsì pé, “Màmá, kò tíì dé, ọ̀la ni wọ́n ní yóò gúnlẹ̀,” kò ní yé ìyá náà bí ìjì ṣe lè ní ọ̀la. Bí wọ́n bá sì sọ fún àgbàlagbà tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pé ìjì ń bọ̀, yóò wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ara bá sì ti dákẹ́ ní ojú ìjì, yóò jáde síta.

Ọ̀rọ̀-ìperí kò lè dá ìjì dúró. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ìkìlọ̀ tí a fi Yorùbá ṣe jẹ́ ìkìlọ̀ ní tòótọ́. Kí olùkọ́ lo *ìjì aṣíwájú-òjò* fún èyí tí ń ti ìhà Lọ́kọ́jà bọ̀. Kí onítumọ̀ lo *ìjì agbami* fún èyí tí ń ti òkun bọ̀, ì báà jẹ́ haríkéènì, táífúùnù tàbí sáíkílóònù ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Kí àwọn méjèèjì sì fi orúkọ àdáni rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn tí ó sọ ọ́ ṣe kọ ọ́.